Ta Ni Yóò San Owó Gbà-máà-bínú Nígbà Tí Ìtọ́jú Bá Di Ìpalára?

Ẹni bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù, tó wá jẹ́ pé gbígbé ni wọ́n gbé e jáde, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń tẹ̀lé e. Àgbà ilé á ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí kálukú gba kádàrá. Àwọn ọ̀dọ́ ilé á ní irọ́ ni, àwọn ń lọ fọ́ gbogbo wíńdò ibẹ̀. Àárín kádàrá àti òkò yìí ni òfin wà, ibẹ̀ ló sì ṣókùnkùn jù sí ọ̀pọ̀ wa ní Abẹ́òkúta. Òfin ń béèrè pé ta ló ṣe é, kí ló ba aláìsàn jẹ́, àti pé àpò ta ni owó yóò ti jáde. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn kì í sábà wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá ẹni tó jàre á rí kọ́bọ̀ gbà.

Mi ò bá ọsibítù kankan jà o. Ìlú ìtọ́jú ni ìlú wa: Sacred Heart ti wà ní Lántòrò láti 1895, ọ̀pọ̀ sì gbà pé òun ni ọsibítù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni FMC tó wà ní Ìdí-Àbà, àti ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Arò. Ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè. Ti aládàáni kò lóǹkà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó ni ọsibítù máa ń yí ọ̀nà ẹjọ́ padà, a ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tó ń dun àwọn dókítà jù kúrò lọ́nà. Pé aláìsàn kú, tàbí pé ara rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́, kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́bi. Iṣẹ́ abẹ léwu, oògùn máa ń ṣe ara ẹlòmíràn bákan, àìsàn míì sì wà tí kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí i ṣẹ́gun. Ohun tí kóòtù ń wò ni bí dókítà tó mọṣẹ́, tó bá ara rẹ̀ nírú ipò yẹn, ì bá ti ṣe é. Láti inú ẹjọ́ Bolam tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957 ni ìwọ̀n yìí ti wá, àwọn adájọ́ wa náà sì ń lò ó. Dókítà kò ní láti jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ní Nàìjíríà. Kó má ṣáà ti ṣe ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbọ́ tí wọ́n á dijú.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká pè é ní Ìyá Ṣadé, kó máa ta àdìrẹ ní Ìtòkú. (Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹ má wá a lọ sọ́jà.) Ó lọ bímọ, ọmọ dábùú, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e jáde. Tìyá tọmọ délé, wọ́n sọmọ lórúkọ, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà kò lọ, ikùn ń wú, ojú iṣẹ́ abẹ ń ṣọyún. Ó padà lọ, wọ́n fún un lóògùn ibà. Nígbà tí ọsibítù mìíràn wá ṣe scan fún un, gọ́ọ̀sì ni wọ́n bá nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi nu ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n là á. Wọ́n tún un là. Ilé ọmọ ti bàjẹ́, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n gé e kúrò.

Kí Ìyá Ṣadé tó rí owó gbà, lọ́ọ̀yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fìdí ọ̀rọ̀ mẹ́ta múlẹ̀. Ó ní láti fi hàn pé ìtọ́jú obìnrin yìí wà lọ́wọ́ ọsibítù náà, èyí kò le, káàdì àti rìsíìtì ti sọ ọ́. Ó ní láti fi hàn pé wọ́n ṣe ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe. Ní tíátà, nọ́ọ̀sì máa ń ka gọ́ọ̀sì kí wọ́n tó là, á tún un kà kí wọ́n tó rán, á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí iye kò bá dọ́gba, wíwá ni wọ́n ń wá a. Ìwé tí wọ́n kọ iye yẹn sí ni ọkàn ẹjọ́ yìí. Ẹ̀kẹta ló máa ń pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́: kí ó fi hàn pé gọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló ba ilé ọmọ jẹ́. Agbẹjọ́rò ọsibítù á ní àìsàn kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á ní àgbo tí ìyá ọkọ gbé wá ló fa á, á ní obìnrin náà kò tètè padà wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

"Gọ́ọ̀sì wà nínú èèyàn, ẹ tún ń béèrè ẹ̀rí?" Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ abẹ́rẹ́. Obìnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù Yunifásítì Benin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò ṣẹ́, àjákù rẹ̀ sì kù sínú rẹ̀. Ó pẹjọ́. Ẹjọ́ náà, Ojo àti Gharoro, rìn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti parí rẹ̀ ní 2006. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé abẹ́rẹ́ wà nínú obìnrin yìí, síbẹ̀ ó pàdánù. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ló fi jà, kò mú onímọ̀ ìṣègùn kankan wá láti sọ pé dókítà tó kíyè sára kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn dókítà ní tiwọn ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ ṣe lè ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Adájọ́ gba tiwọn. Ìdájọ́ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá, ṣùgbọ́n òun ni àwọn kóòtù tó kù ń tẹ̀ lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìdààmú ni pé dókítà ló máa jẹ́rìí nípa dókítà. Ní ìlú tí wọ́n ti jọ ń lọ sípàdé ẹgbẹ́ kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá tó kọ́ èkejì níṣẹ́, ta ni yóò dìde? Lọ́ọ̀yà tó bá gbọ́n máa ń wá ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Owó ìyẹn náà, aláìsàn ló ń san án ṣíwájú.

Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbé yín wọ tíátà tún ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀. Rárá o. Ohun tí ìwé yẹn sọ ni pé ẹ gbà kí wọ́n là yín, àti pé wọ́n ti sọ ewu tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ẹ ò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbàgbé gọ́ọ̀sì. Òfin Ìlera ti 2014 tilẹ̀ sọ ọ́ ní abala kẹtàlélógún pé dókítà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àìsàn, oríṣi ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀, iye rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ yín láti kọ̀, bó bá sì ti ṣeé ṣe, ní èdè tó yé yín. Màmá tó gbọ́ Yorùbá nìkan, Yorùbá ni kí wọ́n fi sọ fún un kó tó tẹ ìka. Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Dókítà Okonkwo láre lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ kan tó kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára nítorí ẹ̀sìn: dókítà bọ̀wọ̀ fún ìpinnu rẹ̀, aláìsàn náà sì kú. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀.

Wàyí o, níbo lẹ ó gbà? Ilẹ̀kùn tó wà ju ẹyọ kan lọ, kálukú ló sì ní ohun tó ń fún èèyàn. Bí ẹ bá gba èyí tí kò jọ ohun tí ẹ ń wá, ọdún á gorí ọdún láìrí nǹkan kan.

Àjọ MDCN ló ń fún dókítà níwèé àṣẹ iṣẹ́. Bí ẹ bá kọ ẹ̀sùn sí wọn, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù, ìgbìmọ̀ olùwádìí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ó di ti ìgbìmọ̀ ìbáwí. Agbára ìgbìmọ̀ ìbáwí yìí pọ̀: wọ́n lè kìlọ̀ fún dókítà, wọ́n lè dá a dúró títí dé oṣù mẹ́fà, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá. Ṣùgbọ́n wọn kì í bá aláìsàn gba owó gbà-máà-bínú. Ìyá Ṣadé lè borí níwájú MDCN kó sì wá wọkọ̀ padà sí Ìtòkú lọ́wọ́ òfo. Bó bá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣàṣìṣe, MDCN kọ́ ló ni ín, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni.

Ti ọlọ́pàá ńkọ́? Wọ́n lè fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan dókítà, ṣùgbọ́n àìbìkítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ burú kọjá àṣìṣe. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò wa ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Dókítà kan, Akerele, po oògùn abẹ́rẹ́ tó lágbára jù fún àwọn ọmọdé, àwọn kan nínú wọn kú, wọ́n sì dá a lẹ́bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council ní London, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943, wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà. Àṣìṣe tó tó kí èèyàn sanwó lé lórí lè máà tó kó lọ sẹ́wọ̀n lé lórí. Ohun kan wà tí òfin tiẹ̀ dárúkọ ní tààrà bí ẹ̀ṣẹ̀: kí wọ́n lé ẹni tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé kò lówó ìdógò lọ́wọ́. Abala ogún nínú òfin 2014 ní owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ìgbà mélòó la ti rí i kí wọ́n lò ó? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, náà wà ńbẹ̀. Ní July 31, 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ṣí ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn kan tí àjọ yìí gbé jáde. Wúlò ni wọ́n, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ owó tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ tàbí fáìlì tí wọ́n kọ̀ láti fi han yín.

Owó gbà-máà-bínú, kóòtù ló máa ń pàṣẹ rẹ̀, tàbí kí ẹ̀yin àti ọsibítù jọ fẹnu kò lórí rẹ̀. Ibí yìí ni aago ti ń ta èèyàn lẹ́nu jù. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba: ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta! Obìnrin tí wọ́n là lánàá, tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí ojú egbò rẹ̀ kò tíì jiná, òun ni wọ́n ní kó tètè lọ wá lọ́ọ̀yà. Lóòótọ́, bí ìpalára náà bá ń bá a lọ, àyè ìjiyàn wà pé oṣù mẹ́ta kò tíì bẹ̀rẹ̀, àwọn lọ́ọ̀yà sì ti fi jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbára lé ìyẹn ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ọsibítù aládàáni kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ọdún ni wọ́n fi ń ka tiwọn, àmọ́ ó ní gbèdéke tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ẹni tó ni ọsibítù sọ́kàn. Lójú tèmi, òfin oṣù mẹ́ta yìí lórí aláìsàn tó fara pa ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kí àwọn aṣòfin gbé ṣánlẹ̀.

Kí lọ́ọ̀yà tó lè ṣe ohunkóhun, ó nílò fáìlì. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti béèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà ṣe é láìsí ariwo. Ẹ wo ọkọ Ìyá Ṣadé níwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì sí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀dà fáìlì ìyàwó mi ni mo wá gbà."

"A kì í fún aláìsàn ní fáìlì. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kì í ṣe fáìlì gan-an mà, ẹ̀dà ni. Lẹ́tà rèé, òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú."

"Ẹ lọ rí ọ̀gá lókè."

"Ó dáa mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ sítáǹpù sára ẹ̀dà lẹ́tà tèmi yìí, kí ẹ kọ déètì òní sí i, kí n tó lọ bá wọn."

Sítáǹpù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀dà, ó dára. Bí wọn kò bá fún un, ó ti ní ẹ̀rí pé òun béèrè lọ́jọ́ báyìí, adájọ́ á sì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa wọn. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan fáìlì láti yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà ti ṣẹ̀ sí òfin 2014.

Iye tí kóòtù ń pàṣẹ ní ọ̀nà méjì. Ti àkọ́kọ́ ni owó tó ti ọwọ́ yín jáde: iṣẹ́ abẹ kejì, oògùn, ọkọ̀, àti ọjà tí ẹ kò lè tà. Kóòtù kì í gba "ó tó bíi" níbẹ̀, ìwé ni wọ́n fẹ́ rí. Àwa tí a kì í gba owó oṣù ni èyí máa ń dà láàmú jù. Báwo ni ìyálọ́jà ṣe fẹ́ fi hàn pé òun ń rí báyìí lọ́jọ́? Lọ́ọ̀yà kan tó mọ ìlú á béèrè káàdì alájọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń sàmì sí i, ọjọ́ tí obìnrin náà wọ ọsibítù ni àmì dáwọ́ dúró, alájọ fúnra rẹ̀ sì lè wá jẹ́rìí. Ìwé tí a ń sọ sínú àpò ìró yẹn lè di ẹ̀rí níwájú adájọ́. Ọ̀nà kejì ni owó ìrora, owó ẹ̀yà ara tó lọ, owó ọmọ tí kò ní lè bí mọ́. Adájọ́ ló ń fi ojú inú wọn ìyẹn, kò sí rìsíìtì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kì í tilẹ̀ dé kóòtù. Ọsibítù á ní kí ẹ má san owó tó kù mọ́, wọ́n á fi nǹkan díẹ̀ lé e, wọ́n á wá gbé ìwé kan síwájú yín pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó lè dára, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tàn. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ẹ mú un lọ fi han lọ́ọ̀yà.

Ó wá kan àpò tí owó yóò ti jáde. Lábẹ́ òfin, ọ̀gá ló ń ru ẹrù ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà Ìyá Ṣadé á pe ọsibítù lẹ́jọ́ mọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n bí ọsibítù náà bá jẹ́ ilé alájà kan ní Àṣerò, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan àti bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ, kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí adájọ́ bá tiẹ̀ pàṣẹ ogún mílíọ̀nù? Bẹ́ẹ̀dì? Ibẹ̀ ni ètò adójútòfò ti wọlé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì.

Oríṣi méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọsibítù, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Adójútòfò ìlera, tí òfin May 2022 sọ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní àjọ tirẹ̀ fún, ń sanwó ìtọ́jú yín ni. Kò mọ nǹkan kan nípa gọ́ọ̀sì tí wọ́n gbàgbé. Èkejì ni dókítà tàbí ọsibítù ń rà fún ara wọn, kó lè bá wọn san owó bí kóòtù bá dá wọn lẹ́bi. Ẹ wò ó bíi third party ọkọ̀, tó di ₦15,000 láti 2023: ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń san án, àmọ́ ẹni tí ọkọ̀ gbá ló wà fún.

Bóyá ó máa yà yín lẹ́nu pé èyí náà ti wà nínú òfin tipẹ́. Òfin adójútòfò ìlera àtijọ́, NHIS, ti 1999 ní kí àwọn tó ń tọ́jú èèyàn lábẹ́ ètò náà ní in, NAICOM, tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, sì máa ń kà á mọ́ àwọn tó jẹ́ dandan. Third party ọkọ̀, wọ́n ń dá wa dúró béèrè rẹ̀. Ta ló ti rí i kí wọ́n dá dókítà dúró ní Pańṣẹ́kẹ́ pé kó mú ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ wá? Òfin tí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé kò sí ni.

Ní August 2025, Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó tún gbogbo ètò adójútòfò Nàìjíríà tò, tó sì rọ́pò ti 2003. Ilé iṣẹ́ tó ń ta irú èyí tí a ń sọ gbọ́dọ̀ ní owó ìdúró bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà; bílíọ̀nù mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Òfin náà tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n má ṣe fi owó falẹ̀, ó sì dá owó àkójọ kan sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ tó bá dẹnu kọlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: oníbàárà tí òfin yìí ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ra inṣọ́ránsì, ìyẹn dókítà. Ìyá Ṣadé kò bá ilé iṣẹ́ adójútòfò kankan ṣe àdéhùn. Ó ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ní kóòtù, tàbí kí wọ́n bá a dúnàádúrà, kí owó tó lè jáde.

Inṣọ́ránsì yìí ní àléébù kan tí àwọn èèyàn kì í rí. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn rẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń kọ ọ́ pé dókítà kò gbọdọ̀ gbà pé òun jẹ̀bi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ìdí kan nìyẹn tí dókítà tó ń bá yín rẹ́rìn-ín lánàá fi di odi lónìí. Ẹbí á rò pé ìgbéraga ni, inú á ru, òkò á wọlé. Ní Amẹ́ríkà, Massachusetts ṣe òfin ní 1986 pé wọn kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìbákẹ́dùn ṣe ẹ̀rí ẹ̀bi ní kóòtù, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Kò náni lówó púpọ̀, mo sì rò pé ó bá ìwà wa mu ju ọ̀pọ̀ ohun tí a ń yá lò lọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Abẹ́òkúta ni kò ní dé ọ̀dọ̀ lọ́ọ̀yà bí àgbà dókítà kan bá wá jókòó tì wọ́n, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó sì ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Àwọn tó fẹ́ tún ètò yìí ṣe pátápátá máa ń tọ́ka sí ibi méjì. California ṣe òfin ní 1975, nígbà tí owó inṣọ́ránsì dókítà gbówó lórí kọjá àlà: owó ìrora kò gbọdọ̀ kọjá $250,000. Gbèdéke yẹn kò kúrò lójú kan títí di 2023, bẹ́ẹ̀ owó ọjà ń lọ sókè lọ́dọọdún. Àwọn tó fara pa jù lọ ni ìyà rẹ̀ jẹ. New Zealand gba ọ̀nà mìíràn. Láti April 1974, wọ́n fi òpin sí pípe ara ẹni lẹ́jọ́ nítorí ìpalára, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ACC sì ń sanwó láti inú àkójọ gbogbo ìlú. Lónìí, ẹni tí ìtọ́jú ṣe léṣe kò ní láti fi hàn pé dókítà jẹ̀bi, kó ṣáà fi hàn pé láti ibi ìtọ́jú ni ìpalára ti wá. Bó bá ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àjọ náà lè san tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un. Ìbáwí dókítà dúró lọ́tọ̀, ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Ká ní irú rẹ̀ wà níbí, Ìyá Ṣadé kò ní wá ẹlẹ́rìí lọ sí Ìbàdàn, ẹjọ́ abẹ́rẹ́ kò sì ní rìn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àmọ́ ìlú tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń dáwó sínú àkójọ ni New Zealand. Tiwa, ọ̀pọ̀ kò tíì wọ inú adójútòfò ìlera pàápàá. Ohun tó ṣeé ṣe lónìí, tí kò nílò bílíọ̀nù, ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mósàn sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọsibítù tó ń gba ìwé àṣẹ tàbí tó ń tún un ṣe mú ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ wá, kí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń san owó káàdì. Títí dìgbà náà, kò sí ohun tó burú bí ẹ bá béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé ọsibítù yìí ní inṣọ́ránsì bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?" Ẹni tó ní in kì í bínú.

Ẹni tí kò lágbára lọ́ọ̀yà lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní ìlú yìí. Public Complaints Commission náà máa ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ilé iṣẹ́ ìjọba, tábìlì SERVICOM, tó ń gba ẹ̀sùn lórí bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, sì wà nínú àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀. Ẹ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí ẹ kọ sí SERVICOM, sí MDCN tàbí sí ọ̀gá ọsibítù kò dá aago oṣù mẹ́ta yẹn dúró. Ìwé ẹjọ́ tí lọ́ọ̀yà bá gbé wọ kóòtù nìkan ló ń dá a dúró.